Ẹ̀yìn Rẹ́díò Ni Kí Ẹ Wò

Ẹni tó mọ rẹ́díò àtijọ́ kì í kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, yóò yí ìdí rẹ̀ sókè, lẹ́yìn náà yóò mú sukudiráfà. Oníṣòwò ló ni ojú rẹ́díò. Ibẹ̀ ló ń lẹ irin dídán mọ́, ibẹ̀ ló sì ń kọ orúkọ tó fẹ́ kí ayé máa fi pe òun sí. Inú lọ́hùn-ún, níbi tí oníbàárà kì í wò, ni àwọn tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà ń fi àmì wọn sílẹ̀ sí: òṣìṣẹ́ tó to fáàfù, ìgò oníná inú rẹ́díò, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé ilé iṣẹ́ rẹ́díò tó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí i lára, onírẹ́díò ìlú kékeré tó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà rẹ̀ pọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ.

Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe, n kò kọ́ iṣẹ́ iná. Ayétòrò-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Ọ̀sì, ni ilé mi. Àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ̀rọ àtijọ́, nítorí náà bí àgbàlagbà kan bá ti papò dà, tí àwọn ọmọ ń palẹ̀ yàrá mọ́, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí? Ta ló ṣe é? Ṣé ó lówó lórí?" Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló máa ń yá wọn lára jù. Èyí tó wà láàárín ló ń gba oorun lójú tèmi, nítorí mo ti rí i pé kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tí a bá sọ pé ẹnìkan ló ṣe é, ọwọ́ púpọ̀ ló wà nídìí rẹ̀, ọwọ́ tó sì kọ orúkọ sójú rẹ̀ lè jẹ́ èyí tó ṣiṣẹ́ kéré jù.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1 December 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohùn BBC káàkiri Èkó. Wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọ ilé, bí wọ́n ṣe ń fa iná mànàmáná. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní 1939. Àpótí kékeré kan ló máa ń wà lára ògiri, ohun kan ṣoṣo tí a sì lè yí lójú rẹ̀ ni èyí tó ń gbé ohùn sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò sí ibi tí a ti lè wá ilé iṣẹ́ mìíràn lọ, nítorí wáyà kan náà ló wọlé. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pè é. Bí ẹ bá tú irú àpótí bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ má wá fáàfù kiri nínú rẹ̀: ẹnu tí ohùn ń gbà jáde àti okùn bàbà wíwé díẹ̀ ni gbogbo ìfun rẹ̀. Iṣẹ́ tó kù, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń ṣe é.

Nígbà tó di 1951, Nigerian Broadcasting Service (NBS) dìde, Tom Chalmers tó ti BBC wá sì ni olórí rẹ̀. Ní 1 April 1957 ó di Nigerian Broadcasting Corporation, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí NBC. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, ìjà òṣèlú ló bí ilé iṣẹ́ tuntun. Gómìnà Macpherson bẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group lórí rẹ́díò ní 1953, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, bèèrè àyè láti fèsì, wọn kò fún un. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wá dòwò pọ̀ pẹ̀lú Overseas Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dá WNTV fún tẹlifíṣọ̀n àti WNBS fún rẹ́díò sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìbéèrè ti wà nílẹ̀ pé ta ló ni ẹ̀rọ, ta ló ni ohùn.

Wáyà asọ̀rọ̀mágbèsì kò gun òkè Èkìtì dé abúlé. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa ni rẹ́díò oníbátìrì. Èyí ló mú mi rántí àpótí kan tí mo gbé lọ bá bàbá kan tó ti ń tún rẹ́díò ṣe kí n tó mọ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí òsì. Àpótí náà kò ní orúkọ lójú. Ihò méjì péré ló wà níbi tí irin orúkọ ti já.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá."

"O ṣé o, ọmọ mi. O tún ti kó ẹrù òkú dé."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e wò bóyá ó wúwo, wọ́n gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kò sí orúkọ lójú rẹ̀."

"Kí ni n ó fi orúkọ ṣe?" Wọ́n ti tú ẹ̀yìn rẹ̀. "Wo fáàfù rẹ̀. D ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀. Eléyìí ò mọ NEPA rí láyé rẹ̀."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáàfù ilẹ̀ Yúróòpù kì í ṣe ọ̀ṣọ́. E túmọ̀ sí pé fóòtì 6.3 ni a fi ń mú okùn inú rẹ̀ gbóná. D jẹ́ ti fóòtì 1.4, agbára bátìrì gbígbẹ. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e ń sọ iṣẹ́ rẹ̀: L ni ó ń gbé ohùn fún ẹnu àpótí, F ń sọ ohun tó kéré di ńlá, K ń pa ìgbì rẹ́díò dà. DK96, DF96, DAF96, DL96: bí ẹ bá rí mẹ́rin yìí tí wọ́n tò sójú kan, rẹ́díò tí wọ́n ṣe fún ilé tí kò níná lẹ ń wò, láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ẹni tó rà á kò dúró de ìjọba. Ó ta kòkó, ó ra ohùn, ó sì ń ra bátìrì títí bátìrì fi gbówó lórí ju rẹ́díò fúnra rẹ̀ lọ.

Irú rẹ́díò bẹ́ẹ̀ tó lókìkí jù ní Áfíríkà ni èyí tí Ever Ready ṣe ní 1949 fún Northern Rhodesia, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Zambia lónìí. Ìkòkò ìsebẹ̀ ni wọ́n fi ara rẹ̀ ṣe, orúkọ tó sì jẹ́ nìyẹn, Saucepan Special. Ilé iṣẹ́ Ever Ready yìí kan náà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ ta bátìrì ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà ti gba orúkọ náà níbẹ̀. Ó wá ń lo Berec. Àwọn tó dàgbà láyé bátìrì Berec ní Èkìtì, ọjà Ever Ready ni wọ́n ń rà láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú Marconi. Ní 1897 ni Guglielmo Marconi dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Chelmsford sì ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni Nellie Melba, olórin ará Ọsirélíà, ti kọrin sínú gbohùngbohùn ní 15 June 1920 tí àwọn ènìyàn fi gbọ́ ọ ní ilẹ̀ mìíràn. Bí ẹ bá rí Marconi lára tíransímítà ńlá, ẹ̀rọ tó ń fọ́n ohùn sáfẹ́fẹ́, Chelmsford ló sábà máa ń ti wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí orúkọ náà lójú rẹ́díò tábìlì, ẹ rọra. Ní ìparí 1929 ni Marconi ta ẹ̀ka tó ń ṣe rẹ́díò inú ilé fún Gramophone Company, ilé iṣẹ́ alájá tó ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀. Ní 1931 ìyẹn náà dara pọ̀ mọ́ Columbia, wọ́n di EMI. Láti ìgbà náà lọ, inú kan náà ni rẹ́díò Marconi àti rẹ́díò alájá sábà máa ń ní. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún wọn ló yàtọ̀. Mo ti rí àwọn ọkùnrin méjì tó fẹ́ jà lórí èyí tó lóhùn jù nínú méjèèjì.

Ti Jámánì náà kò yàtọ̀. AEG àti Siemens ló jọ bí Telefunken ní Berlin ní 1903, àmì rẹ̀ sì hàn kedere, àwòrán onígun mẹ́rin tó fi ṣóńṣó dúró. Síbẹ̀ gbohùngbohùn U47 tó jáde ní 1949, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ti Telefunken, Georg Neumann ló ṣe é. Telefunken bá a tà á, ó sì lẹ àmì tirẹ̀ mọ́ ọn. Gbohùngbohùn 4038 tí àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́díò fẹ́ràn láti àárín àwọn ọdún 1950 síwájú, BBC ló ro bí yóò ṣe rí, STC ló kọ́kọ́ ń ṣe é, Coles ló ń ṣe é báyìí. Bí ẹnìkan bá bi yín pé ta ló ṣe é, ẹnu ta lẹ ó gbà?

Fáàfù náà ní irọ́ tirẹ̀. Wọ́n á tẹ Mullard sára dígí rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, nígbà tó jẹ́ pé Philips ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì ti ra Mullard pátápátá láti 1927, tí wọ́n sì ń pín ọjà láàárín ara wọn. Ẹ má wo orúkọ náà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ dígí dáadáa, ẹ ó rí lẹ́tà àti nọ́ńbà tín-ín-rín tí wọ́n fi kẹ́míkà kọ. Bí ìlà kejì bá ka B5H1, ilé iṣẹ́ Blackburn ni B, 5 ni ọdún, H ni oṣù kẹjọ, 1 ni ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ̀tàn kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀: nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ ọdún, a kò sì mọ̀ bóyá 1955 ni tàbí 1965. Ìgbà náà la ó tó wo ìyókù ara ẹ̀rọ, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ìyókù ara náà sì máa ń sọ̀rọ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́yìn rẹ́díò jẹ́ kàlẹ́ńdà fún ẹni tó bá lè kà á. "Made in Occupied Japan" wá láti àkókò tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń ṣàkóso Japan, èyí tó parí ní 1952. "U.S. Zone Germany" wá láti àwọn ọdún tó tẹ̀lé Ogun Àgbáyé Kejì gẹ́lẹ́. "W. Germany" bẹ̀rẹ̀ ní 1949, ó sì bá orílẹ̀-èdè náà lọ ní 1990. Tiransísítọ̀ náà ní ìran: OC ni ti Yúróòpù àtijọ́, bí OC44 àti OC71, gíláàsì kékeré tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn; 2N ni ti Amẹ́ríkà; 2S ni ti Japan. Ojú dígí tí a ti ń wá ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́rìí. Bí orúkọ Hilversum, Beromünster àti Luxembourg bá kún ibẹ̀, ará Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún, bóyá òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló sì gbé e wá tó sì fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Bí ó bá ní àyè fún ìgbì mítà 60 àti 90, a ṣe é fún ilẹ̀ olóoru, nítorí ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Cairo ní 1938 ti ya àwọn ìgbì kan sọ́tọ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí àrá ń da rẹ́díò wọn láàmú. Lórí mítà 60 ni Èkó wà nígbà náà, ní kilohertz 4990. Ìbàdàn wà lórí 6050, ní mítà 49, ọ̀pọ̀ rẹ́díò àwọn bàbá wa ló sì ní ìlà kékeré tí wọ́n fi kálámù fà síbẹ̀ kí ọwọ́ má bàa ṣìnà.

Nígbà tí a bá kúrò nínú yàrá bàbá olóògbé tí a bọ́ sínú ilé iṣẹ́ rẹ́díò, iṣẹ́ ìdánimọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ rẹ́díò kì í ṣe fáàrí. Eérú tàbí àwọ̀ ewé ni wọ́n sábà ń kùn ún, irin rẹ̀ nípọn, nọ́ńbà ló sì máa ń pọ̀ lára rẹ̀ ju orúkọ lọ. BBC a máa kọ àdàpè tirẹ̀ sára ẹ̀rọ, láìka ẹni tó bá a ṣe é sí: OBA/8 ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lọ sí ìta láti sọ ohùn di ńlá. Níwọ̀n bí àwọn ọmọ BBC ti wà lára àwọn tó dá NBS sílẹ̀, ẹni tó bá ń wo ẹ̀rọ tó jáde láti ìgbà náà gbọ́dọ̀ mọ irú àdàpè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu àwo tún jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dáa. Garrard 301, tó jáde ní 1954, kọ Swindon sára. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, gírísì ni wọ́n sì ń fi sí ọ̀pá tó gbé àwo yí. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ní àwọ̀ wàrà, òróró sì ni tiwọn. Ẹ tún wo bóyá hertz 50 tàbí 60 ni wọ́n ṣe mọ́tọ̀ rẹ̀ fún. Iná Nàìjíríà jẹ́ 50 bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ Amẹ́ríkà wá síbí láìpààrọ̀ irin kékeré tó ń yí i, àwo tó yẹ kó yí ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan yóò yí bíi 28, olórin yóò sì dà bí ẹni tó ń tòògbé. Èyí fi hàn pé ìdánimọ̀ kì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀ lásán. Láyé ìgbà tí àwo ṣì wà lóde, ohùn Yusuf Ọlátúnjí, olórin sákárà, wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ irin wo ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn oníròyìn ní tiwọn náà. EMI L2, tí àwọn ará BBC ń pè ní midget, ni a lè gbé kọ́ èjìká lọ sí ibi ìṣẹ̀lẹ̀. Nagra náà wà, èyí tí Stefan Kudelski, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Switzerland ní 1951. Lẹ́yìn náà ni Uher ti Munich gbé 4000 Report jáde ní 1961. Ní ti tíransímítà, orúkọ Gates tó wà lára ẹ̀rọ kan lè di Harris lára àbúrò rẹ̀, nítorí Harris-Intertype ra Gates ti Quincy, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní 1957. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà yóò rò pé ilé iṣẹ́ méjì ni.

Ṣùgbọ́n àmì tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, ilẹ̀ wa níbí la ti kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba a máa fi ọ̀dà kọ orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà sára gbogbo ohun tó bá ní, láti orí àga dé orí tíransímítà. Ẹ kà á. Bí ẹ bá rí N.B.S., 1951 sí 1957 ni wọ́n kọ ọ́. N.B.C. bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ó sì parí ní 1978 nígbà tí Federal Radio Corporation of Nigeria gba iṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún NBC kejì o: láti 1992 ni National Broadcasting Commission ti ń jẹ́ orúkọ náà, èyí kì í sì í gbóhùn sáfẹ́fẹ́, àwọn tó ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́ ló ń ṣọ́. WNBS kò lè ṣáájú 1959. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀, àti nígbà tí Èkìtì dá dúró ní 1 October 1996, orúkọ tuntun gorí ọ̀dà àtijọ́. Bí ẹ bá fi èékánná họ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ẹ lè rí ìjọba mẹ́ta lórí irin kan. Kò sí ìwé ìtàn tó sọ ọ́ ṣókí tó bẹ́ẹ̀.

Ní Èkìtì níbí, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ àmì àti orúkọ yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó gbẹ́ ọba síbẹ̀, ó gbẹ́ òyìnbó tí wọ́n rù wá kí ọba. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, Ilé Ohun Ìṣẹ̀m̀báyé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi àga ọba pààrọ̀ rẹ̀. Ìfihàn yìí kan náà ni Ọba George Karùn-ún ṣí ní 23 April 1924, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ̀rọ̀ lórí rẹ́díò. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ Èkìtì àti gbohùngbohùn BBC ṣe pàdé níbì kan náà, lọ́dún kan náà. Ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ kò ní irin orúkọ. Kò sí nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ lónìí, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọnà kò ní ṣi ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ gbà fún ti ẹlòmíràn: ọ̀nà tí orí àwọn ère rẹ̀ fi yọ síta láti ara pákó, tí ọrùn wọn gùn, òun gan-an ni orúkọ rẹ̀. Bákan náà ni ọwọ́ Agbọ́nbíòfẹ́ ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lára òpó ààfin. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n láìka ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún rẹ́díò ṣe. Nígbà tí wọ́n tú àpótí aláìlórúkọ náà tán, wọ́n dákẹ́. Okùn tó ń fa ìlà wíwá ilé iṣẹ́ ti já nígbà kan rí, ẹnìkan sì ti fi okùn apẹja rọ́pò rẹ̀. Awọ ẹnu àpótí ti ya, ẹnìkan ti fi bébà àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Agolo mílíìkì ni wọ́n gé di irin tó di bátìrì mú. Bàbá náà fi ìka tọ́ ibi tí wáyà méjì ti pàdé.

"Ọwọ́ ọ̀gá mi nìyí."

Mo ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Wo bó ṣe lọ́ wáyà kó tó jó o. Ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ká ìdí rẹ̀ padà. Kò ka lẹ́ẹ̀dì sí, ó ní wáyà ló yẹ kó di ara rẹ̀ mú, lẹ́ẹ̀dì kàn ń jẹ́rìí ni. Ó na ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí."

Wọ́n dárúkọ ọ̀gá náà fún mi, wọ́n dárúkọ ìlú tó ti kọ́ iṣẹ́ àti ẹni tó kọ́ ọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀ ẹ́ jáde, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ohun tó yé mi lọ́jọ́ náà ni pé ìbéèrè tí mo gbé lọ, ta ló ṣe é, bàbá náà dáhùn rẹ̀ ju bí mo ti bèèrè lọ. Ilé iṣẹ́ kan ní Yúróòpù ló tò ó nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n rẹ́díò tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá ní Ayétòrò títí ayé fáàfù D fi kọjá lọ, ọwọ́ tó lọ́ wáyà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló ṣe é.

Ẹnìkan lè sọ pé mo ń gbé àtúnṣe ga ju iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ro bí fáàfù yóò ṣe rí, ó ní ọpọlọ tí onírẹ́díò wa kò ní àǹfààní láti lò, ẹ̀kọ́ àti irinṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ dá ẹ̀rọ mọ̀ dáadáa kò gbọ́dọ̀ dúró sórí ìbí rẹ̀ nìkan. Ẹ̀rọ ní ìgbésí ayé. Bí a bá kọ Marconi, Chelmsford, tí a sì pa ìwé dé, ìdajì ìtàn la kọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ tàbí ní Adó-Èkìtì, ìdajì tó kù, tiwa ni.

Ìdajì tiwa náà ló ń ṣòfò. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti gba ibi tí téèpù wà, tíransímítà tuntun kò ní fáàfù mọ́, ilé iṣẹ́ púpọ̀ sì ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ síta. Àwọn tó ń ra irin àlòkù kì í bèèrè ẹni tó ṣe é. Bàbà inú rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. N kò bá wọn jà, oúnjẹ wọn ni. Ṣùgbọ́n kó tó gun ọkọ̀ wọn, ẹnìkan ní láti jókòó tì í fún wákàtí kan pẹ̀lú ìwé àti fóònù. Kó ya àwòrán ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti inú rẹ̀. Kó kọ ohun tó wà lára irin orúkọ, nọ́ńbà rẹ̀, fóòtì rẹ̀, hertz rẹ̀. Kó da fáàfù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ, pẹ̀lú àmì tín-ín-rín ìsàlẹ̀ wọn. Kó kọ gbogbo orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára ọ̀dà, èyí tó wà lókè àti èyí tó wà lábẹ́. Lẹ́yìn náà, kó pe òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó máa ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń jókòó tì í lóru? Ta ló mọ àrùn rẹ̀? Kí lẹ pààrọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí kò sí èèlò?" Ìdáhùn rẹ̀ ni kó kọ sí ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dáhùn, bí onítọ̀hún bá gbà.

Wákàtí kan yẹn kò wọ́n. Bí a kò bá ṣe é, orúkọ Marconi àti Telefunken kò ní parun lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ti wà nílẹ̀ òkèèrè tó ń tọ́jú tiwọn. Àwọn tó fi agolo mílíìkì àti okùn apẹja mú kí ohùn máa dé Èkìtì ni kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, àwa tí a gbọ́ ohùn náà ló sì kàn láti kọ ọ́.